Ọmọ dúdú tó ń wá ilé-ìwé bíi Harvard àti Yale: ṣé ààyè ṣì wà lẹ́yìn ìdájọ́ kóòtù?

ÌyáÌbejì_MD
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí orí mi ti gbóná. Kẹ́hìndé mi (obìnrin ni) máa wọ kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní high school lẹ́yìn ọlidé yìí, public school ni níbí ní PG County ní Maryland, A ló kún káàdì ẹ̀ àfi B méjì, AP (kíláàsì high school tó le bíi ti yunifásítì) mẹ́fà ló ti ṣe, SAT ẹ̀ (ìdánwò àtiwọ yunifásítì) jẹ́ 1470. Engineering ló lóun fẹ́ ṣe, ó wá jókòó ó to orúkọ sórí ìwé, Harvard, Yale, Princeton, MIT, mo ní ṣé kò sí èyí tó sún mọ́lé ni. Táíwò ní tiẹ̀ ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, community college lòun máa ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò fún mi ní wàhálà kankan, Ọlọ́run á bùkún un.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu ò kò. Kọ́ńsẹ́lọ̀ sùkúù wọn wo ìwé náà, ó ní kó lọ wá ibi tó bá a mu, kò tiẹ̀ ṣí káàdì ọmọ yẹn wò o. Bàbá wọn ní ṣebí kóòtù ti ní kí wọ́n má wo ti aláwọ̀ dúdú mọ́, kí la tún ń náwó fọ́ọ̀mù sí. Pásítọ̀ wa náà ní kó yọ gbogbo nǹkan Yorùbá kúrò nínú ẹ́séè ẹ̀, kó fi Deborah síwájú kó fi Kẹ́hìndé pamọ́, pé tí wọ́n bá ti rí orúkọ yẹn wọ́n á gbé fáìlì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ni mí, bàbá wọn ń wa bọ́ọ̀sì, tá a bá pa owó wa pọ̀ bíi $88,000 ni lọ́dún, màmá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Ṣé ọmọ yìí ní ààyè, àbí kí n ti bá a sọ̀rọ̀ nísinsìnyí kó má baà wá máa sunkún lóṣù kẹta?

Lọ́yà_Newark
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ ma. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn, torí ohun táwọn èèyàn ń gbé kiri lórí WhatsApp kọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Supreme Court dá ẹjọ́ Harvard pọ̀ mọ́ ti University of North Carolina, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Students for Fair Admissions ló pè wọ́n lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ilé-ìwé ò gbọ́dọ̀ torí pé ọmọ jẹ́ ẹ̀yà kan kí wọ́n wá gbé e ga ju ẹlòmíì lọ mọ́. Wọn ò sọ pé kọ́mọ má sọ irú ẹni tóun jẹ́. John Roberts, olórí adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà, fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sóhun tó ní kí ilé-ìwé má ka ohun tọ́mọ bá sọ nípa bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe kan ayé ẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyà tó ti jẹ, ìbáà jẹ́ ohun tó fi gbára dì. Àmọ́ ìgboyà tàbí ọgbọ́n tó hàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni kí wọ́n wò, kì í ṣe àwọ̀ fúnra ẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ohun tí wọn ò lè gba ẹnu ọ̀nà ṣe, wọn ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹ̀yà ṣì wà lórí Common App (fọ́ọ̀mù kan náà tọ́mọ fi ń wá àyè ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé), tó bá wù ú kó dáhùn, ilé-ìwé lè ní kí wọ́n má fi ìdáhùn yẹn han àwọn tó ń ka fáìlì. Ti orúkọ, ẹ bá mi kí pásítọ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé orúkọ tó wà lórí transcript (ìwé máàkì ẹ̀) àti SAT ló gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù, torí tí wọn ò bá bára mu, àtirí ìwé ọmọ so pọ̀ máa ń di iṣẹ́.

BabaTólú_Houston
Lọ́yà ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ n sọ ti ojú ayé. Ọdún 2024 làwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lábẹ́ òfin tuntun yìí wọlé. MIT, aláwọ̀ dúdú tó máa ń tó 13% tẹ́lẹ̀ já wálẹ̀ sí 5%. Amherst, 11% di 3%. Harvard, 18% di 14%. Ẹ wá wo Yale, 14% ni tẹ́lẹ̀, 14% náà ló ṣì jẹ́, òfin kan náà o. Èmi ò rí ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn kó yé mi dáadáa. California ti fòfin de tiwọn láti 1996, Berkeley àti UCLA, yunifásítì ìjọba wọn, ló sì kọ́kọ́ fojú rí i, àwọn ọmọ wa dín kù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí pé àtọmọ dúdú àtọmọ funfun ni wọ́n ń lé dà nù níbẹ̀. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, ó lé ní 54,000 èèyàn tó kọ fọ́ọ̀mù Harvard, wọn ò gbà tó 2,000. Ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá gbójú lé ibẹ̀ nìkan, àdúrà ló ń gbà.

Níbí ní Texas a ní ọgbọ́n tiwa. Nígbà tí kóòtù kan ní káwọn yunifásítì má wo àwọ̀ mọ́ lọ́dún 1996, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ṣòfin pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní sùkúù ẹ̀, kí yunifásítì ìjọba gbà á, sùkúù tó wù kó jẹ́. UT Austin ti ń dín tiwọn kù díẹ̀díẹ̀, ó ti di 5% báyìí. Ọ̀nà yẹn ni àkọ́bí mi gbà wọlé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé irun orí ẹ̀ ṣe rí.

SAT ńkọ́? Ìgbà Kòrónà tí wọ́n ní kò pọn dandan ti lọ o. MIT ti dá a padà láti 2022, Harvard, Dartmouth àti Brown tẹ̀ lé e lọ́dún 2024, Yale náà ti ní kọ́mọ fi àbájáde ìdánwò kan sílẹ̀, ó kéré tán. 1470 dáa gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń wọ MIT ló ju 1500 lọ. Kó tún un ṣe lóṣù kẹjọ.

Àṣàkẹ́_Akàfáìlì
Mo ti ka fáìlì rí fún ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ jẹ́ n fi kún ti Baba Tólú. 1470 kì í dá rìn. Ìwé kan wà tí sùkúù máa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú káàdì ọmọ, school profile, ibẹ̀ la ti ń rí i pé AP mélòó ni sùkúù náà ní, àwọn mélòó ló ń lọ sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, àwọn ọmọ mélòó ló ń jẹun ọ̀fẹ́. Tí sùkúù bá ní AP méje tọ́mọ sì ṣe mẹ́fà, ìyẹn ti ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ tó gba 1540 ní sùkúù olówó tó ní AP ọgbọ̀n, tí bàbá ẹ̀ san owó tíṣà alẹ́ fún ọdún méjì, a ò kì í kàn fi nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká wá mú èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ́séè wá ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ ti bàbá tó wá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú báàgì kan àti ogún dọ́là. Mo bẹ̀ yín. A ti kà á títí, a lè parí ẹ̀ fún ọmọ náà. Ẹ sọ fún mi, kí ni Kẹ́hìndé máa ń ṣe tó bá ti sùkúù dé?

ÌyáÌbejì_MD
Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Hmm, kí ló ń ṣe... kò ṣe àwọn nǹkan ńlá bíi tàwọn ọmọ tí mo ń rí lórí YouTube o. Lọ́jọ́ Sátidé ó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí ẹ̀, wọ́n ń sanwó fún un. Ìyá àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, òun ló ń bá wọn lọ rí dókítà tá a bá wà níbi iṣẹ́, òun ló ń túmọ̀. Ìgbà kan màmá lo oògùn alẹ́ pọ̀ mọ́ ti àárọ̀, orí ló yọ wá, ọmọ yìí wá ya táblì kan lẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ó ya oòrùn síbi tàárọ̀, ó ya òṣùpá síbi talẹ́, ó lẹ oògùn kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ tiẹ̀ kí màmá lè mọ èyí tó kàn torí wọn ò lè ka òyìnbó. Ó tún wá ṣe é sórí fóònù kó máa dún. Àwọn ìyá àgbà méjì míì ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní kó bá àwọn ṣe tiwọn. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe activity àbí?

Àṣàkẹ́_Akàfáìlì
Ìyá Ìbejì!! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ọmọ tó ní engineering lòun fẹ́ ṣe, tó rí ìṣòro nínú ilé, tó wá nǹkan ṣe sí i, tó tún gbé e sórí fóònù, ẹ ní kì í ṣe activity. Ohun tí mo ń wí rèé o. Àyè mẹ́wàá ló wà lórí Common App fún activity, àwọn ọmọ wa á kọ choir, á kọ National Honor Society, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo torí wọ́n rò pé iṣẹ́ ilé ò kà. Ó kà! Títọ́jú ẹbí wà nínú ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn fúnra ẹ̀ tò síbẹ̀. Irun dídì náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ni, kó kọ wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀ síbẹ̀.

Kó jẹ́ kí ìyá àgbà àti fíríìjì yẹn wọ inú ẹ́séè náà, 650 words péré ni, kó má wàásù. Tó bá ń sọ pé Yorùbá lòun fi ń bá màmá sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì dókítà, ṣé wọ́n tún nílò àpótí tí wọ́n á máákì kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Ohun tí Roberts ní kí wọ́n máa wò gan-an nìyẹn. Pásítọ̀ fẹ́ràn yín o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ Yorùbá kúrò níbẹ̀, kí ló kù?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má bínú o, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ẹ̀yin yìí kan náà lẹ máa ń bú quota nílé. Lọ́dún 2013 tí máàkì àtiwọ Unity School jáde, ọmọ Èkó gbọ́dọ̀ gba 133, ọmọkùnrin Zamfara 4, obìnrin wọn 2, gbogbo wa la fariga pé ìrẹ́jẹ ni. Ẹ wá dé Amẹ́ríkà, ó di pé kí wọ́n ro ti ẹni tí nǹkan ò dọ́gba fún. Ṣé tó bá ti kàn wá nìkan ló máa ń dáa ni?

Lọ́yà_Newark
Àbúrò, ìbéèrè ẹ dáa, àmọ́ àwọn nǹkan méjì yẹn ò jọra. Nínú ti Unity School, ọmọ gómìnà Zamfara náà á gba 4 á wọlé, wọn ò wò ó pé ó ní tíṣà tàbí kò ní, ìpínlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n wò. Ní ti ibí, láti 1978 tí kóòtù ti dá ẹjọ́ Bakke ni wọ́n ti fòfin de kí wọ́n ka àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yà kan. Tó bá jẹ́ quota lò ń wá ní Harvard, lọ wo ohun tó jáde nínú ẹjọ́ yẹn: nínú àwọn ọmọ funfun tí wọ́n gbà, 43% ló jẹ́ eléré ìdárayá, tàbí ọmọ ẹni tó jáde níbẹ̀, tàbí ọmọ olùkọ́ ibẹ̀, tàbí àwọn tórúkọ wọn wà lórí lísìtì pàtàkì ti dean (ọ̀gá tó ń bójú tó gbígba ọmọ wọlé). Kóòtù ò fọwọ́ kan ìyẹn. Maryland tiyín ti fòfin de ti ọmọ-ẹni-tó-jáde-níbẹ̀ lọ́dún 2024, ó kan Johns Hopkins náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi tiwọn sílẹ̀ ṣáájú.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà tán ṣá.

Gbọ́lá_ATL
Àwọn akátà ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Àwa là ń kàwé. Kí Kẹ́hìndé kọ ọ́ gàdàgbà pé Nigerian lòun, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe irú wọn.

MàmáFlatbush
Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Mo ti wà nílùú yìí kẹ́ ẹ tó dé ó jọ. Ṣáájú 1965, ọ̀nà táwọn ará Áfíríkà lè gbà wọ ibí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, wọ́n ń pín àyè fún orílẹ̀-èdè, tiwa ò sì ju nǹkan kékeré lọ. Ìgbà táwọn tẹ́ ẹ ń bú yìí ń jẹ kóńdó ọlọ́pàá ní Selma ní Alabama torí ẹ̀tọ́ ìdìbò, ọdún yẹn gan-an ni òfin tó jẹ́ káwa rí fíísà jáde. Ta ló jà kí yunifásítì wọ̀nyí tó ṣílẹ̀kùn fún dúdú? Ará Ìjẹ̀bú ni àbí ará Èkìtì?

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Lọ́dún 2004, Lani Guinier àti Henry Louis Gates, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard làwọn méjèèjì, sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ dúdú tó wà ní Harvard ni ọmọ àwọn tó ti Caribbean àti Áfíríkà wá, tàbí àwọn tí wọ́n fúnra wọn tibẹ̀ wá. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2007 wá rí i pé nínú àwọn ọmọ dúdú tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ láwọn Ivy (ẹgbẹ́ ilé-ìwé bíi Harvard àti Yale) tó yẹ̀ wò, 41% ló jẹ́ irú àwọn ọmọ wa. Ilẹ̀kùn táwọn ẹlòmíì fọrí gbá la ń gbà wọlé. Tí àyè sì ti wá dín kù yìí, àwọn ọmọ táwọn baba ńlá wọn ṣẹrú ní Georgia ni mò ń ro tiwọn jù.

Alábòójútó
Gbọ́lá_ATL, a ò lo ọ̀rọ̀ yẹn níbí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ a máa yọ yín. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ.

Accountant_Bowie
Kí àwọn àgbà má bínú, owó ni mo fẹ́ sọ torí ibẹ̀ ni bàbá ìbejì ti ń ṣàṣìṣe. $88,000 yẹn, tí kò bá sí ilé méjì tàbí owó ńlá ní báǹkì, Harvard ní ìdílé tó bá ń gbà tó $100,000 tàbí kò tó o kò ní san kọ́bọ̀, oúnjẹ àti yàrá ló wà níbẹ̀, láti 2025 ni. MIT náà, $100,000. Princeton gbé tiwọn dé $150,000. Fún irú owó tẹ́ ẹ ń gbà, ó ṣeé ṣe kí yunifásítì ìjọba tó wà nítòsí ilé gbowó lọ́wọ́ yín ju àwọn wọ̀nyí lọ. Net price calculator (ẹ̀rọ tó ń ṣírò iye tẹ́ ẹ máa san gan-an) wà lórí wẹ́ẹ̀bù ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ tẹ owó yín sí i lálẹ́ òní, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

FAFSA (fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ti ìjọba) nìkan ò tó fún wọn o, wọ́n tún ń gba CSS Profile, fọ́ọ̀mù owó míì, ẹ tọ́jú tax return ọdún tó kọjá. Owó fọ́ọ̀mù, fee waiver (ìwé tí kì í jẹ́ kéèyàn san án) wà, kó bi wọ́n ní sùkúù. QuestBridge náà wà, ètò fáwọn ọmọ tówó ilé wọn ò pọ̀, ọmọ á to ilé-ìwé ní ìpele-ìpele, tí ọ̀kan bá mú un, ọdún mẹ́rin ọ̀fẹ́, Yale, Princeton, MIT wà lára wọn, ìparí oṣù kẹsàn-án ni fọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ń parí. Àwọn tó ń rí i gbà sábà máa ń jẹ́ ìdílé ẹni mẹ́rin tí owó wọn ò tó $65,000, ẹ̀yin lé díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin márùn-ún lẹ wà nílé, màmá àgbà sì ń ṣàìsàn, ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ má sì fojú di ilé. Ọmọ tó fẹ́ ṣe engineering ní Maryland tí kò kọ fọ́ọ̀mù Meyerhoff (ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́) ní UMBC, yunifásítì ìjọba Maryland kan, mi ò mọ ohun tó ń rò. Ọdún 1988 ni Freeman Hrabowski àti Robert Meyerhoff dá a sílẹ̀ fáwọn ọmọkùnrin dúdú tó fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì, láti 1996 ni wọ́n ti ṣí i fún gbogbo ẹ̀yà, àwọn ọmọ wa ṣì pọ̀ níbẹ̀. Kizzmekia Corbett tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ Kòrónà ti Moderna, ibẹ̀ ló ti jáde. Howard ò jìnnà sí yín, Morgan State ní engineering tó dáa ní Baltimore, College Park (University of Maryland) ńkọ́? Lísìtì tó ní Harvard, Yale, Princeton, MIT nìkan, ọ̀kan ṣoṣo ni o, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kàn kọ ọ́.

Dáre_ọdún_kẹta
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dán, ẹ fara mọ́ ọn. Mo wà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé yẹn. Ọdún tí èmi wọlé, kí òfin yẹn tó mú, ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn ọmọ dúdú, a kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan dúró ní corridor. Ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo freshman tó wá, táblì méjì ló gbà wọ́n. A ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, a kàn ń jẹ ráìsì.

Tí Kẹ́hìndé bá wọlé, kó má jẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé nítorí àwọ̀ ni. Wọ́n máa sọ ọ́ ṣá, ọmọ tó ń jókòó tì mí ní physics sọ ọ́ fún mi kí ó tó wá ní kí n bá òun ṣe problem set. Ìmọ̀ràn tèmi: kó bèèrè owó ìbẹ̀rẹ̀, sùkúù tèmi fún wa ní owó kóòtù òtútù àti ti bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ò bá bèèrè ò ní mọ̀.

Tíṣà_Bódìjà
Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ìbàdàn la wà, ọmọkùnrin mi ti gba A mẹ́jọ nínú WAEC, kò ní ìwé Amẹ́ríkà kankan. Ṣé àwọn ilé-ìwé yìí ń wo irú wa?

Accountant_Bowie
Wọ́n ń wò yín, àmọ́ ọ̀nà yín há ju tiwa lọ, ilé-ìwé tó pọ̀ jù lọ máa ń wo owó ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó gbà á. Lára àwọn tí kì í wò ó ni Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth, Bowdoin. Ẹni tí wọ́n bá gbà, wọ́n á fi owó tó kù bò ó. Ẹ lọ sọ́dọ̀ EducationUSA, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ilé-ìwé, Èkó àti Àbújá ni ọ́fíìsì wọn wà, ẹ má fún agent kankan ní owó. Ti fíísà ń yí padà lemọ́lemọ́, ẹ wo wẹ́ẹ̀bù ẹ́ḿbásì kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

ÌyáÌbejì_MD
Ẹ ṣé gan-an ni o gbogbo yín. Bàbá wọn ti jókòó ti calculator yẹn láti ọjọ́ kejì tí Accountant ti sọ ọ́, ó ní àfi bí ẹni pé wọ́n ṣì í kọ. Kẹ́hìndé ti yọ Harvard kúrò fúnra ẹ̀, ó fi UMBC, College Park àti Howard sí i, ó ní Yale lòun fẹ́ fi ṣe early (fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tètè fi sílẹ̀). Ìbéèrè kan ló kù: tó bá fi Yale ṣe early, ṣé kò ní lè kọ ti UMBC àti College Park ní oṣù kọkànlá náà?

Àṣàkẹ́_Akàfáìlì
Ó lè kọ ọ́ ma. Ti Yale, single-choice ni wọ́n ń pè é, ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni early ní ilé-ìwé aládàáni míì, nítorí náà kó fi Howard sí regular (fọ́ọ̀mù tó máa ń pẹ́ ju early lọ). Yunifásítì ìjọba ò sí nínú ìyẹn, kò sì so yín mọ́ Yale, tí wọ́n bá gbà á ó ṣì lè kọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni gbogbo ẹ̀, College Park pàápàá, kó má jẹ́ kí ti ìyẹn kọjá torí early ni wọ́n ti ń gba ọ̀pọ̀ jù. Kí àwọn tíṣà tó máa kọ lẹ́tà fún un ti mọ̀ láti oṣù kẹsàn-án, tíṣà physics tàbí math kan, tíṣà English kan. Tó bá kọ ẹ́séè tán, kó fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní gbowó.